Àtàńpàkò Olúsọjí Afọtáǹkì

Bí Olúsọjí bá fọ táǹkì omi tán, kì í fi ojú wo inú rẹ̀. Àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ mọ́ ara táǹkì náà, á wá fi agbára díẹ̀ fà á wálẹ̀. Bí táǹkì bá mọ́, á ké kín-ín, bí abọ́ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ṣe máa ń ké. Bí kò bá mọ́, àtàńpàkò á kàn yọ̀ lọ láìdún, Olúsọjí á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ojú ń parọ́, pé inú táǹkì ṣókùnkùn, omi sì máa ń mú kí ìdọ̀tí dán. Ó ní àtàńpàkò ni kò mọ irọ́ pa.

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé kan náà ni èmi àti ìdílé rẹ̀ jọ ń gbé ní Ṣógúnlé, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló wà lójúde ilé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ló sì máa ń jókòó sí láti yangàn. Bàṣírátù ni orúkọ mi, Ìyá Ìdrís ni wọ́n ń pè mí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Èmi kì í yin ọkùnrin lójú rẹ̀, nítorí kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wú. Olúsọjí ti wú kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wú, kì í ṣe ẹnu lásán, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba tirẹ̀.

Ọmọ Ìkọ̀lé ní Èkìtì ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ló wá wá sí Èkó, kò rí i. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Àjàmú, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló rí ní Òṣòdì, ẹni tó ń fọ táǹkì onírin fún àwọn onílé nígbà yẹn. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó ṣàdúrà sí i, ó wá gbé búrọ́ọ̀ṣì tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Igi ìrókò ni ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì náà, ó wúwo, ọwọ́ ti dá a dán. Àjàmú wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí igi yẹn gbẹ láéláé. Ó ní ọjọ́ tó bá gbẹ ni yóò là, ọjọ́ tó bá sì là ni iṣẹ́ rẹ̀ là.

Ọdún méjìlélógún rèé. Ọdọọdún ni Olúsọjí ń gbé búrọ́ọ̀ṣì náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Bọ́ládé tó ń bá a fi irun tuntun sínú àwọn ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi náà, igi ọ̀gá ni. Inú báàkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan tó ní ọmọrí ló ń gbé, nínú omi tí wọ́n fi ìdérí blíìṣì kan sí. Bí Olúsọjí bá lọ sílé lọ́dún Kérésì, ìyàwó rẹ̀, Lará, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọba, ló máa ń bu omi kún un kí igi má baà gbẹ. Mo máa ń fi Lará ṣe yẹ̀yẹ́ pé báàkẹ́ẹ̀tì yẹn ni orogún rẹ̀, pé òun náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Àjàmú kú, kò sí nǹkan mìíràn tó kù lọ́wọ́ Olúsọjí tó fi lè rántí rẹ̀ àfi búrọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ẹni tí kò bá gbé àdúgbò wa lè máa rò pé kí ni fífọ táǹkì já mọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí omi bá ti ń rùn, blíìṣì làwọn onílé máa ń dà sí i, wọ́n á ju álọ́ọ̀mù lé e, wọ́n á ní ó parí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí Olúsọjí nínú gan-an. Ó ní blíìṣì nínú táǹkì tó ń yọ̀ kò yàtọ̀ sí lọ́fínńdà lára ẹni tí kò wẹ̀. Ó ní àfi kéèyàn wọnú rẹ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kó ha á títí yóò fi ké. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Mo ti rí i tó jáde nínú táǹkì ní ọ̀sán gangan tí òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa, síbẹ̀ tó tún padà wọlé nítorí igun kan kò tíì dún.

Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun ló ni ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpin àdúgbò wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń dunni. Ó bá Olúsọjí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, àwọn oníbàárà mi méjì sì wà níbẹ̀.

"Bàbá Tẹ́ní," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti fọ táǹkì mi láti oṣù Kejìlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló tún ti yọ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kí n tó mọ̀ yín, bó bá fọ̀ ọ́, ó máa ń tó táàmù kan gbáko kó tó yọ̀. Ṣé ẹ ń fọ̀ ọ́ ni, àbí ẹ kàn ń da blíìṣì sí i?"

Ká sọ pé ó gbá a létí ni, ìyẹn ì bá rọrùn fún un. Ẹni tó ń fi ìgbéraga sọ pé òun kì í ṣe oníblíìṣì! Obìnrin náà wá fi kún un pé àwọn onílé-ìwé àdáni àdúgbò náà máa ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Jímọ̀, àti pé òun máa sọ ohun tójú òun rí fún wọn. Ilé-ìwé méje ni wọ́n. Olúsọjí ló ń fọ táǹkì gbogbo wọn, ìdajì àwọn onílé àdúgbò sì ń pè é nítorí pé àwọn ilé-ìwé ń pè é. Bí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú ìpàdé yẹn, kò sí táǹkì tí yóò tún rí fọ̀ ní Ṣógúnlé, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ wo ló tún fẹ́ lọ kọ́?

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò mira. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní omi bóhóòlù ilé-ìwé náà ni kò dáa, pé táǹkì tí òun bá fọ̀ ń ké, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ní ọmọ òun, Tẹ́ní, ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì, ìwé ẹ̀rí kejì ló ń ṣe lọ́wọ́, òun á ní kó wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ìyáàfin lè mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ní kò burú, òun á dúró de èsì. Èmi gbé àlùmọ́gàjí mi sílẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Tẹ́ní dé lọ́jọ́ kejì. Kò ga, ojú rẹ̀ jọ ti Lará, ṣùgbọ́n ìgbéraga bàbá rẹ̀ ló jogún, ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ máa ń dákẹ́ ni. Ó jókòó tì mí níbi ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì bi í pé kí ni nǹkan tó ń yọ̀ nínú táǹkì yìí gan-an. Ó ní aṣọ ni. Ó ní bí kòkòrò àìfojúrí bá ti rí ara táǹkì dúró sí, aṣọ ló máa ń ṣe fún ara rẹ̀, ṣúgà ló sì fi ń ṣe é.

Mo ní ṣúgà wo, ti inú tíì? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe èyí tó ń dùn. Ó ní ṣúgà kékeré kékeré ni wọ́n máa ń so mọ́ra wọn títí á fi gùn bí òwú, pé ohun tó wà nínú ògì àti gàárì náà, ṣúgà tí wọ́n so mọ́ra ni, ṣé a sì ń fi gàárì mu tíì? Òwú ṣúgà yìí ló máa ń lọ́ mọ́ra, tó máa ń fa omi mu, tó sì ń di nǹkan tó ń yọ̀ bí ilá. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò yẹn ń gbé.

"Ta wá ló ń bá wọn rán an?" ni mo bi í, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn.

"Purotéènì ni, mà."

Mo ní mo mọ purotéènì, nọ́ọ̀sì ní ká máa jẹ ẹ́, inú ẹ̀wà àti ẹja ló wà. Ó ní òun náà ni, ṣùgbọ́n nínú ara ohun tó bá wà láàyè, òṣìṣẹ́ ni purotéènì jẹ́. Nínú kòkòrò kan ṣoṣo, oríṣiríṣi wọn ló wà, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń pèsè ṣúgà sílẹ̀ kó lè ṣeé so. Òmíràn ń so ó mọ́ra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ń gbé e dé etí ara kòkòrò náà, òmíràn sì jẹ́ ihò ẹnu ọ̀nà tí òwú náà ń gbà jáde. Ẹnìkan kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkejì.

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bó ṣe rò lọ. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó ń ran òwú yàtọ̀ sí ẹni tó ń nà án gbọọrọ, ẹni tó ń hun ún yàtọ̀ sí ẹni tó ń rán an pọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá síbi iṣẹ́, kò sí aṣọ òkè lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí fún Tẹ́ní, ó sì pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí òun ń kọ ìwé lé lórí gan-an nìyẹn. Ó ní àwọn onímọ̀ ti yọ òṣìṣẹ́ kan kúrò nínú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kò sì rí aṣọ ṣe mọ́, blíìṣì díẹ̀ ló pa á. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wọṣọ, orí aṣọ ni agbára blíìṣì máa ń tán sí kó tó dé abẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á yè, wọ́n á tún máa rán òmíràn.

"Nítorí náà bàbá mi ò parọ́," ó ní. "Kí wọ́n tó bí mi ló ti mọ̀ pé àfi kéèyàn ha á. Ìwé ni mo lọ kà kí n tó mọ ohun tí àtàńpàkò wọn ti mọ̀."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ti lọ fọ táǹkì.

Òwú funfun tí wọ́n wé mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tẹ́ní fi gba nǹkan tó fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Ó gbà á nínú táǹkì ilé-ìwé náà àti lẹ́nu bóhóòlù rẹ̀. Ó gbà á nínú táǹkì mẹ́rin mìíràn tí bàbá rẹ̀ ń fọ̀, ti ilé wa wà lára wọn, àti nínú méjì tí bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn rí. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró níwájú báàkẹ́ẹ̀tì búlúù. Ó wò mí. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó ti òwú kan bọ inú àwọn ihò ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì, ó sì dé e padà. 

Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ló padà. Ṣọ́ọ̀bù mi ló wọ̀, kò wọlé wọn. Ó fi àwòrán àwọn àwo tí wọ́n fi ń hu kòkòrò hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Omi bóhóòlù mọ́ tónítóní. Táǹkì méjì tí bàbá rẹ̀ kò fọ̀ rí ní ìdọ̀tí tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni irú rẹ̀. Nínú táǹkì márààrún tí bàbá rẹ̀ ń fọ̀, irú kòkòrò kan náà ló wà níbẹ̀, tó ní àwọ̀ ewé, tó ki, tó ń fà bí wọ́n bá fi igi kàn án. Ti búrọ́ọ̀ṣì ló wá ki jù.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá òun ń ha táǹkì dáadáa, ó ń ké lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ihò igi tí kì í gbẹ yẹn ni kòkòrò náà ń gbé, ó ti hun aṣọ tó nípọn síbẹ̀, ìdérí blíìṣì kan kò sì lè ṣe é ní nǹkan. Gbogbo táǹkì tí bàbá òun bá fọ̀, ó ń fi irúgbìn sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn náà á ti ran òwú tirẹ̀. Òun kò mọ ìgbà tó wọbẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún tó kọjá, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Àwọn yòókù kì í ṣí táǹkì wọn wò títí ọdún fi máa ń yípo, Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé nìkan ló ń wò ó.

"Ìyá Ìdrís, tí mo bá sọ òtítọ́ yìí, èmi ni mo ba orúkọ bàbá mi jẹ́. Tí mi ò bá sọ, màmá ilé-ìwé yẹn á bà á jẹ́ lọ́la."

Ojú ń tì mí láti sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo fẹ́ ní kó sọ pé bóhóòlù ni. Ta ló máa mọ̀? Mo ti la ẹnu, lọ́rọ̀ kan bá bọ́ lẹ́nu Tẹ́ní, ó ní ṣé mo mọ̀ pé omi yẹn ni àwọn ọmọdé náà ń bu mu bí wọ́n bá seré tán. Mo pa ẹnu dé. Mo wá sọ ohun tí ìyá mi máa ń sọ, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo ní ti búrọ́ọ̀ṣì yìí ti pé ogún ọdún ó lé méjì, kó dìde ká lọ.

Ìdí ẹ̀rọ omi ní àárín ilé la ti bá Olúsọjí, ó ń fọ bàtà tó fẹ́ wọ̀ lọ sípàdé. Lará ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń sá aṣọ. Tẹ́ní kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìbo ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó ní wọ́n ti da àwọn òwú yẹn pọ̀ mọ́ra ní yunifásítì, pé igi tó ti ń mu blíìṣì fún ọdún méjìlélógún, kòkòrò wo ló máa kù nínú rẹ̀. Ó wá sọ èyí tó burú jù. Ó ní ìwé tí òun fi iṣẹ́ yìí rán an lọ kà ló ti kọ́ ọ láti máa fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà. Tẹ́ní bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n kò dìde. Lará náà dá sí i, ó ní àdúrà ọ̀gá wà lórí búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹni tó bá ní ó ní àbùkù, oúnjẹ ilé náà ló ń fọwọ́ kàn.

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi, nítorí pé mo rí ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀. Mo lọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì búlúù, mo gbé e kalẹ̀ síwájú Olúsọjí, mo sì ṣí i.

Tẹ́ní nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi," ó ní, "ẹ má gba àwo mi gbọ́. Ẹ fi àtàńpàkò yín sí i."

Olúsọjí wo ọmọ rẹ̀, ó wo búrọ́ọ̀ṣì. Ó mú un jáde nínú omi. Ó nu àtàńpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, bó ṣe máa ń ṣe nínú táǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn igi náà, ó fà á. Kò dún. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò dún. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí àwọn ihò wà, nígbà tó sì gbé ọwọ́ kúrò, nǹkan kan tẹ̀lé e, ó fà gùn díẹ̀ bí ilá, ó já. Gbogbo wa la rí i. Láti ọdún méjìlélógún tó ti ń fi àtàńpàkò yẹn dán táǹkì gbogbo ènìyàn wò, kò fi kan búrọ́ọ̀ṣì náà rí.

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.  Lará rọra ní àdúrà ọ̀gá ńkọ́.

"Àdúrà ọ̀gá mi ò sí nínú igi," ó ní. "Ọwọ́ mi ló dì mú tó fi ṣe é."

Ó wá ní kí Tẹ́ní dìde. Ó ní òun ti bú u láìṣẹ̀, kó má bínú. Èmi kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin náà bẹ ẹnikẹ́ni rí, mo sì sunkún níbẹ̀, mi ò ní parọ́.

Lọ́jọ́ kejì, èmi náà tẹ̀lé e lọ sípàdé, torí èmi ni mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún mẹ́fà nínú àwọn ilé-ìwé náà. Kíláàsì kan nílé-ìwé Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni wọ́n ti ṣe é, gbogbo wọn jókòó sórí àga ọmọdé. Olúsọjí kò dúró kí wọ́n pè é. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà ka orí tábìlì lórí ọ̀rá kan, ó sì sọ pé òun sọ pé bóhóòlù ló jẹ̀bi, òun ṣe àṣìṣe, nǹkan tí òun fi ń fọ táǹkì ni kò mọ́. Ó ní láti ọ̀la lọ òun á tún gbogbo táǹkì wọn fọ̀ láìgba nǹkan kan. Táǹkì kọ̀ọ̀kan á ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, oníke, inú oòrùn ni yóò sì máa gbé títí á fi gbẹ kí òun tó tún lò ó.

Ọ̀kan nínú wọn pòṣé, ó ní àṣé ó ti pẹ́ tó ti ń da ìdọ̀tí sínú omi àwọn ọmọ aláìṣẹ̀. Olúsọjí ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò tẹrí ba, kò sì ṣàwáwí. Ìyáàfin Ọmọ́ṣẹ̀yìndé bi í pé ta ló sọ fún un pé búrọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní ọmọ òun ni. Obìnrin náà ní kó kọ́kọ́ fọ ti òun láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ló máa dán an wò.

Ó sì dán an wò. Ó bọ́ bàtà, ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gun àkàbà onírin lọ, èmi sì wà nísàlẹ̀ tí mo ń dì í mú, tí mo ń ké pe Ọlọ́run, nítorí pé obìnrin náà kì í ṣe kékeré. Ó tẹ àtàńpàkò rẹ̀ mọ́ inú táǹkì. Mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀: kín-ín. Ó tún un ṣe. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun á tún gùn ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gùn ún, ó sì tún ké. Ilé-ìwé mẹ́rin nínú méje náà dúró ti Olúsọjí. Méjì lọ wá ẹlòmíràn. Ọ̀kan ṣì ń rò ó.

Olúsọjí sá búrọ́ọ̀ṣì ọ̀gá rẹ̀ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn igi náà là sí méjì gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí Àjàmú ṣe wí. Ẹ̀rù ba Lará. Ọkọ rẹ̀ mú àwọn ìlàjì náà lọ́wọ́, ó ní ọ̀gá òun kò parọ́, igi ti là lóòótọ́. Ó wá gbé báàkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ.

Oṣù kẹjọ ni Tẹ́ní parí ìwé rẹ̀. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ sí Yorùbá ní ojú ewé dé ojú ewé. Nígbà tó dé ibi tó ti sọ orísun kòkòrò náà, ohun tó kà ni pé "búrọ́ọ̀ṣì kan, ní àdúgbò kan ní Èkó." Bàbá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n ni, pé wọn kì í sì sábà kọ orúkọ ènìyàn síbẹ̀.

"Ojú ewé wo ni wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn?" ni bàbá rẹ̀ wí.

Tẹ́ní fi hàn án.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olúsọjí afọtáǹkì, ní Ṣógúnlé, òun ló ni búrọ́ọ̀ṣì náà."

Tẹ́ní ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n máa wò ó títí yóò fi kọ ọ́. Mo gbé aṣọ tí mo ń rán sílẹ̀, mo sì wò ó títí tó fi kọ ọ́ tán.